Nígbà Tí Síprìǹgì Gun Orí Ásìlì

Síprìǹgì pẹlẹbẹ ló gbé jíìpù Willys tí Amẹ́ríkà fi ja Ogun Àgbáyé Kejì. Irú rẹ̀ náà ni Land Rover lò ní 1948. Irin tí a tò lérí ara wọn ni, gígùn lókè, kúkúrú nísàlẹ̀. Àwa mọ irin yẹn dáadáa: àlòkù rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ àdá.

Nígbà tí Jeep ṣe Wrangler YJ ní 1986, abẹ́ ásìlì ni síprìǹgì ẹ̀yìn wà. Àwọn tó ń fi mọ́tò gun àpáta ní rárá o, orí ásìlì ló yẹ kó wà. Wọ́n jó ìjókòó tuntun mọ́ ásìlì lókè, mọ́tò sì ga sókè níwọ̀n ínǹṣì márùn-ún láìra síprìǹgì mìíràn. Ọgbọ́n ni, a ò lè parọ́. Àmọ́ bí awakọ̀ bá tẹ iná, ásìlì á fẹ́ yí, á lọ́ síprìǹgì bíi lẹ́tà S. Ṣáfùtù á dagun, rọ́bà bíréèkì ò ní tó mọ́. Mọ́tò tó ga sì máa ń yára dojú dé. Bí wẹ́dà ò bá jó o dáadáa ńkọ́? Ẹ̀mí ló wà níbẹ̀! Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń so ọ̀pá irin gbọọrọ mọ́ ásìlì kó má baà yí.

Ní 1996, Wrangler TJ dé pẹ̀lú síprìǹgì kíká, èyí tí Range Rover ti ń lò láti 1970. Síbẹ̀, àwọn tó ní YJ ò yéé jó tiwọn.