Ìwádìí Kí Ó Tó Ìdájọ́: Ẹ̀kọ́ Inú Àrùn Ebola ní Èkó, Ọdún 2014

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá àìsàn, tí Ó sì dá oògùn rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní oògùn tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ kan ló kù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ewé lè pé pérépéré, kí oògùn má sì jẹ́, bí ó bá jẹ́ pé àìsàn tí à ń tọ́jú kọ́ ló ń ṣe aláìsàn. Ìdí nìyí tí ìwádìí fi gbọ́dọ̀ ṣáájú ìtọ́jú. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò ni ipa tí àyẹ̀wò kó nígbà tí àrùn Ebola wọ Èkó, àti ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa Mùsùlùmí gbọ̀ngbọ̀n.

Ìwádìí kì í ṣe ohun àjèjì nínú ẹ̀sìn wa. Ní nǹkan bí ọdún 638, nígbà tí Kálífà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣáámù, wọ́n pàdé rẹ̀ ní Sargh, wọ́n ní àjàkálẹ̀ àrùn ti wọ ibẹ̀. Umar kò kù gììrì wọlé, kò sì kàn pẹ̀yìn dà. Ó pe àwọn Muhājirūn, ó bi wọ́n léèrè. Ó pe àwọn Ansār, lẹ́yìn náà ó pe àwọn àgbà Kùràíṣì. Ìgbà tí ó gbọ́ tẹnu gbogbo wọn tán ni ó pinnu láti padà. Lẹ́yìn èyí ni Abdur-Rahmān bin Awf dé, tí ó sọ ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kí ẹni tó wà lóde má wọ ìlú tí àrùn wà, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ má sì sá jáde.

Ní nǹkan bí igba ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n bí oníṣègùn ńlá nnì, ar-Rāzī, ní ìlú Rayy ní ilẹ̀ Páṣíà. Ó ṣe olórí ilé ìwòsàn ní Baghdad, ó sì kọ ìwé kan tí ó fi ya ṣànpọ̀nná sọ́tọ̀ kúrò lára ìta, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní èéyi. Àìsàn méjèèjì ni í mú ara gbóná, tí ara á sì sú. Ar-Rāzī ṣàlàyé pé ẹ̀yìn dídùn pọ̀ lára ẹni tí ṣànpọ̀nná fẹ́ mú, ṣùgbọ́n èébì àti àìbalẹ̀ ọkàn pọ̀ jù lára ẹni tí ìta fẹ́ mú. Kò sí ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú, etí àti sùúrù ni ó fi ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sí Èkó. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí a wà ní ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Rámádàn, arákùnrin kan tí ń jẹ́ Patrick Sawyer ti Làìbéríà dé sí pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà. Ó ti Lomé kọjá, Calabar ló sì ń lọ fún ìpàdé. Ara rẹ̀ kò yá rárá. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò yẹn, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Obáléndé ni wọ́n gbé e lọ.

Ara gbígbóná àti èébì: ta ni kò ní pè é ní ibà ní ìlú wa? Ibà ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú. Ṣùgbọ́n Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kò dúró lórí ibà. Wọ́n bi aláìsàn léèrè bóyá ó ti súnmọ́ ẹni tí Ebola mú. Ó ní rárá. Bẹ́ẹ̀ arábìnrin rẹ̀ ti kú ní Làìbéríà láìpẹ́ sí ìgbà náà. Dókítà ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, kí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀. Wọ́n fúngun mọ́ àwọn dókítà náà pé kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ. Wọn kò gbà. Kí èsì tó dé ni wọ́n ti dúró ṣinṣin. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: ẹni tí a bá fura sí, kí a dá a dúró títí èsì yóò fi dé. Bí wọ́n bá ti jẹ́ kí ó lọ ni, èsì ì bá dé tán, aláìsàn ì bá ti dé Calabar.

Yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní PCR ni wọ́n fi ń ṣe é. Òun ni ó ń wá àmì kòkòrò àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀, bí ó tilẹ̀ kéré. Ebola ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ọkùnrin náà kú. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ó kù kí a kí yídì.

Ẹ fojú inú wò ó: yídì ní Èkó, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn, ọwọ́ bíbọ̀, ìdìmọ́ra. Ta ni ó ti kó àrùn náà? Àwọn kan lè rò pé ohun tó yẹ ni kí a gba ẹ̀jẹ̀ gbogbo ènìyàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, ìdí rẹ̀ sì ṣe pàtàkì. Kòkòrò Ebola kì í hàn nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí àìsàn kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe. Bí o bá yẹ ẹ̀jẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò lónìí, èsì yóò ní kò sí nǹkan, yóò sì lọ máa jẹ, máa mu pẹ̀lú ènìyàn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, àrùn lè yọ. Àyẹ̀wò tí kò bọ́ sásìkò lè tan ni jẹ.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n wá gbogbo ẹni tó súnmọ́ aláìsàn kàn. Àwọn 894 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Fún ọjọ́ 21, àwọn òṣìṣẹ́ ń lọ bá wọn nílé láti mọ̀ bí ara wọn ṣe gbóná sí. Ìbẹ̀wò náà tó nǹkan bí 18,500. Ètò tí a ti ń lò láti gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀ ni wọ́n yí padà sí iṣẹ́ yìí, Dókítà Faisal Shuaib ni ó sì darí rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná ni wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí èsì bá ní kò sí nǹkan, ṣùgbọ́n tí àìsàn kò tíì pé ọjọ́ mẹ́ta, àyẹ̀wò kan ṣoṣo kò tó. A gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ẹni tí a fura sí kò sì gbọ́dọ̀ bá ẹni tí ó dájú pé ó ní i pàdé, kí aláìsàn ibà má bàa lọ kó Ebola níbi tí ó ti ń dúró de èsì.

Àmọ́ ẹnìkan nínú àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ sá lọ sí Port Harcourt. Dókítà kan tọ́jú rẹ̀ níkọ̀kọ̀. Ẹni tó sá lọ gbádùn; dókítà ni ó kú, àrùn sì mú àwọn mìíràn níbẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2014, lẹ́yìn ọjọ́ 42 tí àrùn náà kò mú ẹlòmíràn, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Ènìyàn 20 ni ó mú, 8 ni ó pa. Dókítà Adadevoh wà nínú wọn. Wọ́n kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní Gìní, Làìbéríà àti Sàró, àwọn tó kú ju 11,000 lọ. Lọ́dún yẹn, Saudi Arabia kò fún àwọn aláàjì ilẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí ní ìwé ìwọ̀lú. Àwọn tiwa lọ.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó fún wa ni ti ahọ́n. Nínú oṣù Kẹjọ, ìròyìn gba orí fóònù kan pé omi iyọ̀ ni oògùn Ebola. Àwọn ènìyàn ń mu ún, wọ́n ń fi wẹ̀. Àwọn kan dèrò ilé ìwòsàn, ẹ̀mí sì bọ́. Bẹ́ẹ̀ Ọlọ́hun ti pàṣẹ fún wa nínú Sūratul-Hujurāt pé kí a wádìí ìròyìn kí a má bàa fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn níbi. Ẹni tó ń fi irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ kò yẹ nǹkan kan wò. Kò yàtọ̀ sí ẹni tó fún aláìsàn ní oògùn láìbi í léèrè.

Ọ̀rọ̀ òkú náà ńkọ́? Ara ẹni tí Ebola pa ni àrùn náà pọ̀ sí jù. Ní Sàró, wọ́n ń gba itọ́ ẹnu òkú fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọn kì í fi èsì tí kò tíì dé ṣe àwáwí láti wẹ òkú. Àjọ Ìlera Àgbáyé jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn, wọ́n sì gbà pé táyámómù lè dúró fún ìwẹ̀, kí a sì ṣe ìsìnkú pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ̀sìn Ọlọ́hun rọrùn. Ẹ̀mí alààyè ní ẹ̀tọ́ lórí wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, bí àìsàn bá dé, ẹ sọ òótọ́ fún dókítà nípa ibi tí ẹ ti lọ àti ẹni tí ẹ ti bá pàdé. Ẹ má ṣe sá kí èsì tó dé. Ẹ má sì fi èsì ọjọ́ kan ṣe fáàrí. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí a ń bi léèrè ni kí ó má purọ́.

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà jíǹkí wa, kí Ó má jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́, kí Ó sì san ẹ̀san rere fún gbogbo ẹni tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣe odi fún ẹ̀mí wa. Àmín.