Game Boy: Ẹ̀rọ géèmù alágbèéká tí bátìrì mẹ́rin gbé ga

Ọjọ́ 21, oṣù Kẹrin, ọdún 1989 ni iléeṣẹ́ Nintendo gbé ẹ̀rọ géèmù alágbèéká tí wọ́n ń pè ní Game Boy jáde lórílẹ̀-èdè Japan. Owó yen 12,500 ni wọ́n ń tà á. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 tí wọ́n kọ́kọ́ kó sọ́jà ò lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tó fi tán. Ìparí oṣù Keje ọdún yẹn ló dé Amẹ́ríkà, ní dọ́là 89.99. Àwọn ará Yúróòpù ní tiwọn dúró di oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1990.

Ká sọ tòótọ́, ẹ̀rọ náà ò rẹwà. Ike aláwọ̀ eérú ni, ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù, ojú rẹ̀ ò sì ju ínǹṣì 2.6 lọ. Kò ní kọ́lọ̀. Ìpele mẹ́rin péré ló lè fi hàn, láti orí àwọ̀ ewé tó mọ́lẹ̀ dé orí èyí tó ṣú. Kò síná lẹ́yìn ojú yẹn, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ gbá géèmù lálẹ́ ní láti lọ jókòó sábẹ́ gílóòbù. Bí nǹkan bá sì ń sáré nínú rẹ̀, ńṣe ló máa ń fa òjìji tẹ̀lé ara rẹ̀.

Báwo wá ni irú nǹkan báyìí ṣe tà? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀. Gunpei Yokoi lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1965 ló wọ Nintendo nílùú Kyoto, nígbà tó jẹ́ pé káàdì títa ni wọ́n fi mọ iléeṣẹ́ náà, iṣẹ́ títọ́jú ẹ̀rọ ni wọ́n sì gbé fún un. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ohun ìṣeré kan tó ń nà jáde bí apá láti fi mú nǹkan lókèèrè. Ọ̀gá wọn, Hiroshi Yamauchi, rí i, ó ní kó sọ ọ́ di ọjà. Ó ta ju mílíọ̀nù kan lọ. Látìgbà yẹn, ìlànà kan ni Yokoi dì mú: ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ti pẹ́ nílẹ̀, tó ti dọ̀pọ̀, tí gbogbo oníṣẹ́ ti mọ̀ tinú-tẹ̀yìn ni kó o mú, kó o wá wá ìlò tuntun fún un. Òun àti Satoru Okada pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ló ṣe Game Boy.

Ibi tí ìlànà yẹn ti hàn jù ni bátìrì. Bátìrì kéékèèké mẹ́rin ni Game Boy ń lò, ó sì lè tó wákàtí 15 kí wọ́n tó kú. Lọ́dún kan náà, Atari gbé Lynx tiwọn jáde: kọ́lọ̀ tó dán, iná lẹ́yìn ojú, ẹwà ńlá. Ṣùgbọ́n dọ́là 179.99 ni, bátìrì mẹ́fà ló ń jẹ, ó sì ń jẹ wọ́n tán ní bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Game Gear ti Sega, tó jáde ní Japan lóṣù Kẹwàá, ọdún 1990, náà ń jẹ mẹ́fà, kò sì yàtọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fi rédíò onítiransísítọ̀ gbọ́ bọ́ọ̀lù rí, tí bátìrì wá kú nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé yín. Ẹ rántí pé òbí ló ń rabátìrì, kì í ṣe ọmọ.

Ohun kejì ni Tetris, géèmù tí Alexey Pajitnov ṣe ní Moscow lọ́dún 1984. Henk Rogers ló lọ bá Minoru Arakawa, olórí Nintendo ní Amẹ́ríkà, pé tó bá jẹ́ àwọn ọmọdékùnrin nìkan ló fẹ́ tà fún, kó fi Mario sínú páálí, àmọ́ tó bá jẹ́ gbogbo ayé, kó fi Tetris sí i. Arakawa gbà. Géèmù tó jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù lásán ló ń já bọ́ látòkè ò nílò kọ́lọ̀ kankan, bí àgbàlagbà náà ṣe dara pọ̀ nìyẹn. Àwọn kan máa ń fi gbogbo àṣeyọrí Game Boy sórí Tetris. Lójú tèmi, bátìrì ló ṣe èyí tó pọ̀ jù, torí géèmù dídùn nínú ẹ̀rọ tó ti kú ò wúlò fẹ́nì kankan.

Wáyà kan tún wà tí èèyàn méjì fi lè so ẹ̀rọ wọn pọ̀. Lọ́dún 1996, Pokémon tí Satoshi Tajiri ṣe sọ wáyà yẹn di ohun àmúṣọrọ̀: oríṣi kásẹ́ẹ̀tì méjì ni wọ́n tà, kò sì séyìí tí gbogbo ẹranko inú eré náà pé sínú rẹ̀, àfi kí ọ̀rẹ́ méjì ṣe pààrọ̀. Ẹ̀rọ ọlọ́dún méje tún bẹ̀rẹ̀ sí í tà bí ọjà tuntun.

Game Boy Color jáde lọ́dún 1998. Àpapọ̀ òun àti ti àkọ́kọ́ tí wọ́n tà lé ní mílíọ̀nù 118. Yokoi ò rí kọ́lọ̀ yẹn. Ó ti fi Nintendo sílẹ̀ lọ́dún 1996, ìjàm̀bá ọkọ̀ sì pa á lóṣù Kẹwàá, ọdún 1997. Ẹ̀rọ tó ń bá iléeṣẹ́ Bandai ṣe kó tó kú, WonderSwan, jáde lọ́dún 1999. Kò ní kọ́lọ̀. Bátìrì kan ṣoṣo ló ń lò.