Stephen Fienberg àti Ìṣirò Àjọṣe Ẹ̀dá

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1969, ìjọba Amẹ́ríkà ṣẹ́ kèké láti mọ àwọn ọ̀dọ́kùnrin tí yóò kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun Vietnam. Wọ́n kọ ọjọ́ 366 sórí ìwé pélébé, wọ́n fi wọ́n sínú ike kéékèèké, wọ́n sì ń fà wọ́n yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá tètè jáde, ogun kàn án nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọn kò pò wọ́n dáadáa. Ìwé oṣù kan náà ń rọ̀ mọ́ ara wọn, kèké sì tètè ń mú àwọn tí a bí ní ìparí ọdún.

Stephen Fienberg, ọmọ Kánádà tí a bí ní Toronto ní ọdún 1942, wà lára àwọn tí ó fi ìṣirò yẹ ọ̀ràn náà wò. Àpilẹ̀kọ rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science ní ọdún 1971. Ní 1980 ó lọ sí Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh. Yàtọ̀ sí ọdún méjì tí ó lò ní Yunifásítì York, ibẹ̀ ni ó wà títí ó fi kú ní 2016, tí ó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò dátà àti ìmọ̀ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fúnra rẹ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ láti inú dátà.

Ohun tí ó rọ̀ mọ́ ara wọn kò yéé jẹ ẹ́ lógún. Bí a bá bi ènìyàn 18 léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ràn láàárín ara wọn, ìdáhùn 306 ni a lè rí, ọ̀kan kò sì dá dúró lára èkejì: ẹni tí a bá fẹ́ràn sábà máa ń fẹ́ràn ẹni padà. Ìṣirò tí ó ka olúkúlùkù sí àdádó kò lè ràn án. Ní 2008, Fienberg àti Airoldi, Blei àti Xing gbé ọ̀nà kan jáde tí ó gbà pé ẹnìkan lè wà nínú ẹgbẹ́ ju ẹyọ kan lọ. Kò ṣàjèjì, nítorí ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́ lè jẹ́ àbúrò nílé. Wọ́n dán an wò lórí dátà àwọn ọ̀dọ́ 18 ní ilé àwọn mọ́ńkì kan, níbi tí ìjà ti tú wọn ká láàárín ọdún 1960 sí 1969. Ìṣirò náà rí àwọn ẹgbẹ́ wọn, ó sì rí àwọn tí ọkàn wọn kò dúró sójú kan.

Ewu wà níbẹ̀. Dátà tí ó lè fi ọkàn ẹni hàn báyìí, yíyọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀ kò tó láti bo onítọ̀hún láṣìírí. Fienberg mọ èyí, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún wá bí a ṣe lè lo dátà láìtú àṣírí ẹni tí ó dáhùn. Ní 2009, ìwé àtìgbàdégbà Journal of Privacy and Confidentiality, tí ó wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.