Ta Ló Ń Ra Irúgbìn? Owó Ìwádìí lórí HIV àti Oògùn Olóró ní Nàìjíríà

Àgbẹ̀ tó bá ń tọrọ irúgbìn lọ́wọ́ aládùúgbò, ohun tí wọ́n bá fún un ni yóò gbìn. Bí ọ̀rọ̀ ìwádìí lórí HIV àti oògùn olóró ṣe rí nìyẹn ní ilẹ̀ wa.

Ní ọdún 1986 ni Nàìjíríà kéde pé àrùn Éèdì ti wọlé. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàrin àwọn aboyún ní 1991 fi hàn pé ìdá 1.8 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ní kòkòrò náà. Ní 2001, ó ti di 5.8. Ṣùgbọ́n ìwádìí ilé ìgbẹ̀bí kò lè rí àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ gún oògùn olóró sára. Ọ̀daràn ni òfin kà wọ́n sí, wọn kì í sì í jáde síta.

Nígbà tí Dókítà Moruf Adelekan àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ wá irú wọn lọ sí ìgboro Èkó, abẹ́ ètò Àjọ Ìlera Àgbáyé ni iṣẹ́ náà wà.  Ní 2007, ìwádìí ìjọba àpapọ̀ náà ka àwọn tó ń gún oògùn mọ́ àwọn tó yẹ kí a ṣàyẹ̀wò fún.

Ìwádìí 2018 sọ pé ènìyàn mílíọ̀nù 14.3 ló lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, àwọn bí 80,000 sì ń gún un. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló sanwó rẹ̀. Lọ́dún kan náà, HIV ti lọ sílẹ̀ sí ìdá 1.4 láàrin àwọn ọmọ ọdún 15 sí 49. Àmọ́ láàrin àwọn tó ń gún oògùn, ìdá 3.4 tó jẹ́ ní 2014 ti fò sókè di 10.9 ní 2020.

Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ dúró. Ìjọba wa yára fọwọ́ sí bílíọ̀nù náírà 4.8 fún oògùn HIV, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin sì fi mílíọ̀nù 200 dọ́là kún ìṣúná ìlera. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ òòjọ́ nìyẹn; irúgbìn kọ́. Ọ̀dọ́ onímọ̀ tó ní ìbéèrè tuntun ní yunifásítì wa, tàbí ní ilé ìwádìí ìṣègùn tó wà ní Yábàá, nílò owó kékeré tí yóò fi bẹ̀rẹ̀, kí ó tó lè rí ẹ̀rí tí yóò fi wá owó ńlá.

Abuja níbí ni àwọn olórí Áfíríkà ti ṣèlérí ní 2001 pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìṣúná yóò lọ sí ìlera. A kò tíì mú un ṣẹ. Kí a tilẹ̀ kọ́kọ́ ya owó irúgbìn sọ́tọ̀ nínú ìwọ̀nba tó wà, nítorí ẹni tó bá sanwó ìbéèrè àkọ́kọ́ ló ń yan ohun tí orílẹ̀-èdè yóò mọ̀ nípa ara rẹ̀.