Kí A Tó Fọwọ́ Kan Ilé Àtijọ́

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé kan lulẹ̀ ní gbàgede Tinúbú ní Erékùṣù Èkó. Ìlójò Bar ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ní nǹkan bí ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ fún ìdílé Fernandez, tí wọ́n sì ń ta oúnjẹ àti ọtí níbẹ̀. Ní 1933, Alfred Omolana Olaiya rà á. Nígbà tó di 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ìkéde yẹn ti pé 60 ọdún kí ilé náà tó di òkìtì àlàpà.

Mo kéré jọjọ nígbà náà. Bàbá mi ló fi àwòrán rẹ̀ hàn mí lórí fóònù lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ilé náà jọ ilé bàbá bàbá mi, tí ìyá àgbà mi ṣì ń gbé títí dòní. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí kò fi jẹ́ ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán fún mi.

Àwọn Àgùdà ló mú irú ilé bẹ́ẹ̀ wá sí Èkó. Wọ́n jẹ́ ọmọ Yorùbá àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ ní Bahia ní 1835, tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá wà lára àwọn tó ṣíwájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sílé, wọ́n sì ń bọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ẹ̀yìn 1888 tí oko ẹrú parí pátápátá níbẹ̀. Bíríkìlà àti káfíńtà ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn ló fi fèrèsé olórí róbótó, òdòdó tí wọ́n fi ọwọ́ mọ sára ògiri, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè tó kọjú sí títì, ṣe ẹwà Pópó Àgùdà.

Nígbà tí wọ́n wó Ìlójò Bar, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí ẹni tó fún wọn láṣẹ. Ní tèmi, ìbéèrè kan wà tó ṣáájú ìyẹn. Láti 1956 títí di 2016, àtúnṣe wo ni onílé lè ṣe, ta sì ni yóò jókòó tì í láti sọ bí yóò ṣe ṣe é? Onílé ló mọ ibi tí ilé rẹ̀ ti ń jò. Òfin lè ní kí ènìyàn má fọwọ́ kan ilé, ṣùgbọ́n òjò kò ka òfin, bẹ́ẹ̀ ni ikán kò kà á. Èrò mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ yí ilé àtijọ́ padà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ ohun tó wà nínú ilé náà tí kò gbọdọ̀ sọnù sílẹ̀, kí ó tó kọ ohun tó fẹ́ yí. Ẹni tó bá lè ṣe èyí dáadáa, kí wọ́n fún un láṣẹ, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ó pẹ́.

Irú ètò yìí ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́. Ní 1877, William Morris àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ nítorí pé inú ń bí wọn sí bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ àtúnṣe ba àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ jẹ́. Ní 1967, wọ́n ṣe òfin tó gba ìjọba ìbílẹ̀ láàyè láti dáàbò bo odidi àdúgbò, kì í ṣe ilé kọ̀ọ̀kan nìkan. Ìlú Stamford ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ ní ọdún náà gan-an. Ẹni tó ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ lè tún ilé rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n fún àwọn àtúnṣe kan, ó gbọ́dọ̀ ṣàlàyé lórí ìwé ìdí tí ilé náà fi ṣe pàtàkì àti bí àtúnṣe náà yóò ṣe kan pàtàkì yẹn. Bí ohun tí yóò bàjẹ́ bá ṣe tóbi tó ni àwíjàre rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe lágbára tó.

Ní 1964 pẹ̀lú, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ pàdé ní Venice, wọ́n sì fẹnu kò lórí àwọn ìlànà kan. Méjì nínú rẹ̀ ló mú mi lọ́kàn. Àkọ́kọ́ ni pé ilé tí ènìyàn ń lò fún ohun tó wúlò fún ìlú ni ó rọrùn láti tọ́jú. Èkejì ni pé bí nǹkan kan bá ti sọnù lára ilé, kí èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ bá ìyókù mu, síbẹ̀ kí ojú lè dá a mọ̀ pé tuntun ni, kí ó má bàa purọ́ fún ìtàn. Èkejì yìí kò kọ́kọ́ yé mi. Ta ló fẹ́ kí ibi tí wọ́n lẹ̀ hàn lára aṣọ rẹ̀?

Freedom Park ló jẹ́ kó yé mi. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn òyìnbó ló kọ́ ọ, wọ́n sì ti ti Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ ibẹ̀ rí. Theo Lawson ló ya àwòrán bí wọ́n ṣe sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ tí wọ́n ṣí ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ti di orí ìtàgé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n ń lu ìlù, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Kò sẹ́ni tó lè pe orí ìtàgé náà ní igi ìyẹgi, ṣùgbọ́n ìtàn igi náà ni ẹni tó mú mi káàkiri kọ́kọ́ sọ fún mi.

Wo Mọ́sálásí Shitta-Bey náà. Àgùdà tó ń jẹ́ João Baptista da Costa ló darí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ṣí i ní 1894. Iná mànàmáná kò tíì dé Èkó nígbà yẹn. Nítorí náà, ọjọ́ tí wọ́n fa wáyà iná àkọ́kọ́ wọ ibẹ̀, wọ́n yí i padà. Ṣé ó burú? Wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀ lónìí, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ tí Àgùdà gbẹ́ kò parẹ́.

Àtúnṣe kan wà tí n kò lè gbè lẹ́yìn, òun ló sì wọ́pọ̀ jù: sìmẹ́ńtì. Amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ògiri ilé àtijọ́ wa, ẹfun ni wọ́n sì fi rẹ́ ẹ. Ẹfun máa ń jẹ́ kí omi tó bá wọ inú amọ̀ rí ọ̀nà jáde. Tí bíríkìlà bá fi sìmẹ́ńtì bò ó, omi á há sínú. Ògiri á máa dán lójú títì, inú rẹ̀ á sì máa rọ̀ bí ẹ̀kọ, títí yóò fi ya lulẹ̀ lọ́jọ́ kan. Onílé á ní ilé ti gbó jù, nígbà tó jẹ́ pé àtúnṣe ló pa á.

Nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, ẹbí wa ṣe ìpàdé lórí ilé tiwa. Àbúrò bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká wó o, ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ilé yìí kò pa owó kankan wọlé." Ìyá àgbà dá a lóhùn pé, "Ọmọ mi, níbo ni kí n máa gbé tí ẹ bá ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù?" Ẹnu wọn kò kò. Bàbá mi wá ní kí n mú ìwé àti bírò, kí n kọ gbogbo ohun àtijọ́ tó wà nínú ilé sílẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

Odindi Sátidé méjì ni mo fi ṣe é. Mo ka fèrèsé onípákó 14, mẹ́fà nínú wọn kò ṣeé tì mọ́. Mo rí àtẹ̀gùn tí ọwọ́ ti fá dán. Mo rí lẹ́tà méjì tí wọ́n gbẹ́ sókè ilẹ̀kùn iwájú, tí kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀ àfi ìyá àgbà. Nígbà tí mo wá ń kà nípa ilé Àgùdà, mo rí i pé ní Brazil, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní ibi ìtajà nísàlẹ̀, tí onílé á máa gbé òkè. Ìlójò Bar pàápàá, ọjà ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Àṣé àbúrò bàbá mi kò jẹ̀bi tán! Ṣọ́ọ̀bù kò ṣàjèjì sí ilé náà. Wíwó ló ṣàjèjì sí i.

Ohun tí a kọ sínú ìwé tí a fi béèrè àṣẹ nìyẹn: ṣọ́ọ̀bù méjì nísàlẹ̀ láìfẹ ojú ilẹ̀kùn, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ tuntun lẹ́yìn níbi tí ará títì kò ti lè rí i, páànù tuntun lórí, ẹfun lára ògiri iwájú. Àbúrò bàbá mi fọwọ́ sí i, ó ní kí á sáà má fi ẹfun yẹn pẹ́.

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́ta sì ni ìyá àgbà gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè.