Ìkórè Nìkan Kò Tó Òṣùwọ̀n: Níbo Ni Ìṣirò Ìdọ̀tí Ilé-Iṣẹ́ Kẹ́míkà Ti Ń Bẹ̀rẹ̀?

Èrò kan ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwa tí a ń kọ̀wé nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà, pé bí ìkórè ìdàpọ̀ kan bá ti wọ ìdá 90 nínú 100, ilé-iṣẹ́ tó ń lò ó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn bíba àyíká jẹ́. Akẹgbẹ́ wa kan tún gbé e jáde láìpẹ́ yìí, ó sì fi kún un pé ilé-iṣẹ́ oògùn ló mọ́ jù, nítorí pé ẹrù wọn kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé ìfọpo. A bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò gbè é. Ohun tí ìdàpọ̀ kẹ́míkà jẹ́, àti bí kátálíìsì ṣe ń mú un yá, kò ṣàjèjì sí òǹkàwé wa. Ẹ jẹ́ ká kọjá síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ìkórè yàtọ̀ sí ìlò átọ́ọ̀mù

Ìkórè ń sọ iye ọjà tí a rí, ká fi wé iye tó yẹ ká rí. Kò béèrè ibi tí ìyókù èròjà gbà. Barry Trost ló béèrè ìyẹn lọ́dún 1991: nínú gbogbo átọ́ọ̀mù tó wọnú ìdàpọ̀, mélòó ló wà nínú ọjà, mélòó ló di pàǹtí? Òṣùwọ̀n yìí là ń pè ní ìlò átọ́ọ̀mù. Ẹni tó dín gàrí, tó ka gàrí inú agbọ̀n nìkan, tí kò ka èèpo ẹ̀gẹ́ àti omi tó ń ṣàn lábẹ́ àpò, ìdajì ìṣirò ló ṣe.

Ibuprofen fi èyí hàn gbangba. Ilé-iṣẹ́ Boots ní Nottingham ló ṣàwárí rẹ̀, ní àwọn ọdún 1960 ni wọ́n sì gbé ọ̀nà ìpèsè onípele mẹ́fà kalẹ̀. Bí ìwọ̀n gbogbo èròjà tó wọ ìpele mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá jẹ́ 514.5, 206 péré ló di oògùn, ìyẹn ìdá 40 nínú 100. Bí ìkórè ìpele kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ pé pérépéré, ìdá 60 yòókù kò ní í sí nínú oògùn, nítorí pé ìlànà ìdàpọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló bí i. Asẹ́ tí a fi sẹ́nu ihò èéfín kò lè wò ó sàn. Ẹ wo ìpele àkọ́kọ́. Àlùmíníọ̀mù kílóráìdì ni wọ́n fi ń mú un yá. Kátálíìsì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ bí iṣẹ́ bá ti parí, omi ni wọ́n ń dà sí i, á sì di iyọ̀ àlùmíníọ̀mù tí kò ṣeé lò mọ́. Ilé-iṣẹ́ ń sanwó rà á, ó tún ń sanwó dà á nù.

Lọ́dún 1992, ilé-iṣẹ́ BHC bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà onípele mẹ́ta ní Bishop, ìpínlẹ̀ Texas. Èròjà kan náà, isobutylbenzene, ni ọ̀nà méjèèjì fi ṣe ìpìlẹ̀. Háídírójìn fulóráìdì ló rọ́pò àlùmíníọ̀mù: òun ló ń yọ́ èròjà, òun náà ni kátálíìsì, wọ́n sì ń gbà á padà fún ìlò mìíràn. Nínú ìwọ̀n 266, 206 di oògùn, ìdá 77. Acetic acid ni 60 tó kù, èyí tó ṣeé gbà padà. Bí a bá kà á mọ́ ọjà, ìlò átọ́ọ̀mù súnmọ́ ìdá 99. Ìlànà ìdàpọ̀ ni wọ́n yí padà tí èyí fi ṣeé ṣe.

Ẹrù kékeré, ìdọ̀tí ńlá

Roger Sheldon, lọ́dún 1992, wọn kílò ìdọ̀tí tó ń tẹ̀lé kílò ọjà kan. Ti ilé ìfọpo kò tó 0.1. Ti kẹ́míkà olówó pọ́ọ́kú wà láàárín 1 sí 5. Ti oògùn bẹ̀rẹ̀ láti 25, ó sì ń kọjá 100. A gbà pé ìdọ̀tí ilé ìfọpo lè pọ̀ jù lápapọ̀. Síbẹ̀, a kò lè torí ìyẹn pe ilé-iṣẹ́ oògùn ní aláìlẹ́gbin. Omi tí wọ́n fi ń yọ́ èròjà ló kó ipa tó pọ̀ nínú ìdọ̀tí yìí, ìkórè kì í sì í kà á rárá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Pfizer tún ọ̀nà ìpèsè oògùn sertraline ṣe, ẹ́tánọ́ọ̀lù nìkan ló rọ́pò omi ìyọ́ mẹ́rin. Merck àti Codexis fi ẹ́ńsáìmù rọ́pò irin rhodium nínú ìpèsè oògùn sitagliptin. Ìdọ̀tí dín ní ìdá 19 nínú 100.

Ààlà ìṣirò

Àwọn òṣùwọ̀n yìí náà ní ààlà. Háídírójìn fulóráìdì lè pa ènìyàn, kílò iyọ̀ ọbẹ̀ kan kò sì dọ́gba pẹ̀lú kílò irin olóró kan, gẹ́gẹ́ bí Sheldon fúnra rẹ̀ ti sọ. Àpẹẹrẹ amóníà tún fi ààlà yìí hàn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìdàpọ̀ tí Fritz Haber ṣàwárí, tí Carl Bosch sì sọ di ilé-iṣẹ́ ní Oppau lọ́dún 1913, gbogbo átọ́ọ̀mù naitirójìn àti háídírójìn ló wọ ọjà: ìdá 100 pérépéré. Ṣùgbọ́n gáàsì àdáyébá ni wọ́n sábà máa ń fa háídírójìn náà yọ lára rẹ̀, kábọ́nì dàọ́ksáìdì sì ń tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Eleme àti Lekki, níbi tí wọ́n ti ń fi gáàsì ṣe ajílẹ̀ yùríà. Àwọn kan ń ṣírò kábọ́nì tó wọ yùríà bí èyí tí a ti mú dè. Bí yùríà bá dé oko, ẹ́ńsáìmù inú ilẹ̀ á tú u, kábọ́nì náà á sì padà sójú ọ̀run. Ìdádúró kọ́ ni ìparẹ́. Ẹnu kànga gáàsì ló yẹ kí ìṣirò ti bẹ̀rẹ̀, inú oko ló sì yẹ kó parí sí.

Iṣẹ́ tó kù

Pẹ̀lú ìṣọ́ra tó yẹ onímọ̀, ó dà bí ẹni pé ìkórè nìkan kò lè dá ilé-iṣẹ́ kankan láre. Ohun tí a fẹ́ fi ojú ìṣirò yìí kan náà wò tẹ̀lé e ni eérú èèpo kòkó, tí àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ti mọ agbára rẹ̀ tipẹ́. Pọ́táṣì inú rẹ̀ lè mú ìdàpọ̀ epo àti mẹ́tánọ́ọ̀lù yá, kó sì di dísẹ́ẹ̀lì. Nínú ìdàpọ̀ yìí, bí ìdá 90 nínú 100 ìwọ̀n èròjà ló ń di epo ọkọ̀; gílísẹ́rìn ni ìyókù. Àwọn tó ń yìn ín dúró síbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ wọ̀n nínú iṣẹ́ wa tó kàn ni iye pọ́táṣì tó ń bá omi ìfọ̀ lọ nígbà kọ̀ọ̀kan, iye ìgbà tí eérú kan náà lè ṣiṣẹ́, àti bóyá a lè rí ọjà fún gílísẹ́rìn náà nítòsí. Bí eérú kò bá ṣeé lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ìdọ̀tí olówó pọ́ọ́kú ni a kàn fi rọ́pò ìdọ̀tí olówó ńlá.