Ìdínkù Ewu: Láti Orí Abẹ́rẹ́ dé Orí Sìgá Oníbátìrì

Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọgbọ́n ìdínkù ewu tí a fi ń gbé sìgá oníbátìrì yẹ̀ wò lónìí ti wà nínú ìtàn kòkòrò HIV tipẹ́. Ní 1987, kí kòkòrò náà má baà ràn, ìjọba Bìrìtéènì dá ibùdó sílẹ̀ níbi tí àwọn tí ń gún oògùn olóró sára ti lè fi abẹ́rẹ́ àlòkù gba tuntun. Kò sọ pé ó di ìgbà tí wọ́n bá jáwọ́.

Láti 1996 ni àkànpọ̀ oògùn ti ń kápá kòkòrò náà. Síbẹ̀, ìwádìí kan láti Dẹ́ńmáàkì, tí ó jáde ní 2013, fi hàn pé láàrin àwọn tí ń gba ìtọ́jú, sìgá ń gé nǹkan bí ọdún 12 kúrò nínú ẹ̀mí amusìgá. Kòkòrò ń gé bí ọdún 5.

Sìgá oníbátìrì tí Hon Lik, apoògùn ará Ṣáínà, ṣe ní 2003 ní níkótíìnì nínú, ṣùgbọ́n ewé kò jó níbẹ̀, ọ̀dà kò sì sí. Kì í ṣe aláìléwu. Jíjáwọ́ pátápátá ni ó sàn jù. Ẹni tí kò wá lè jáwọ́ ńkọ́? Ìbéèrè 1987 náà nìyí. Ẹni tí a fi oògùn yọ lọ́wọ́ kòkòrò, kò yẹ kí a fi í sílẹ̀ fún èéfín.